Ta Ni “Wọ́n”? Àyẹ̀wò Ibùdó Ìtàn Central High ní Little Rock

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé, nínú ẹ̀dà yìí, ẹ má retí ewì lọ́wọ́ mi. Lámèyítọ́ ni mo gbé wá, kì í sì í ṣe lámèyítọ́ ìwé. Ibì kan ni mo fẹ́ kà fún yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, “Ṣé èèyàn ń ka ilé bí ẹni ka ìwé ni?” À ń kà á o jàre. Ibikíbi tí wọ́n bá ti kó fọ́tò, ère, ògiri àti ọ̀rọ̀ jọ kí àlejò lè gbọ́ ìtàn, òǹsọ̀tàn ti wà níbẹ̀. Ó ti yan ohun tó fẹ́ sọ, ó sì ti yan ohun tó fẹ́ fò dá. Ẹ̀dá ìtàn wà níbẹ̀, ojú ìwòye wà níbẹ̀, ibi tí ìtàn parí sí náà wà níbẹ̀. Bí a bá lè máa da ìbéèrè bo Fágúnwà ní kíláàsì, kí ló dé tí a ò ní bi ilé léèrè ọ̀rọ̀?

Ibi tí mo ń wí ni ilé-ìwé girama Central High ní ìlú Little Rock, ní ìpínlẹ̀ Arkansas l'Amẹ́ríkà. Àbúrò bàbá mi ń gbé ní Memphis, ìrìn wákàtí méjì àti díẹ̀ ni ti mọ́tò láti ibẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ìsinmi, àwọn ló wà mí lọ.

Kí n tó máa tú u palẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ní May 17, 1954, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ Brown pé yíya ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ aláwọ̀ funfun ní ilé-ìwé ìjọba lòdì sí òfin ilẹ̀ náà. Ní 1955, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ bí wọ́n ṣe máa mú un ṣẹ: kí wọ́n ṣe é “pẹ̀lú gbogbo ìyára tó ní àròjinlẹ̀.” Ẹ̀yin akéwì, ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Ẹni tó ń sáré kì í jókòó rò ó. Àárín “ìyára” àti “àròjinlẹ̀” yẹn ni gbogbo ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan yí padà sá pamọ́ sí.

Ní September 1957, ọmọ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án fẹ́ wọ Central High, ilé-ìwé tí kò gba irú wọn rí láti 1927 tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ wọn, nítorí orúkọ ṣe kókó nínú ohun tí mo fẹ́ sọ: Minnijean Brown, Elizabeth Eckford, Ernest Green, Thelma Mothershed, Melba Pattillo, Gloria Ray, Terrence Roberts, Jefferson Thomas àti Carlotta Walls. Gómìnà Orval Faubus ní rògbòdìyàn lòun fẹ́ dènà, ló bá pe ṣọ́jà National Guard ti ìpínlẹ̀ náà jáde ní September 2. Daisy Bates, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ NAACP ní Arkansas, ṣètò pé kí àwọn ọmọ náà jọ lọ ní September 4. Ilé Elizabeth Eckford kò ní tẹlifóònù, iṣẹ́ náà kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 yìí wọ aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó dá nìkan lọ. Ṣọ́jà dínà mọ́ ọn. Èrò ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń bú u, àwọn kan ń pariwo pé kí wọ́n so ó rọ̀ sórí igi. Ó rìn títí ó fi dé ibùdókọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ní September 23, àwọn mẹ́sàn-án gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n ogunlọ́gọ̀ tó wà níta ru sókè débi pé ọlọ́pàá ní láti kó wọn jáde lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, Ààrẹ Eisenhower rán ṣọ́jà 101st Airborne bíi 1,200 wá, ó sì gba àṣẹ lórí National Guard kúrò lọ́wọ́ gómìnà. Ní September 25, àwọn ọmọ náà gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ṣọ́jà yí wọn ká. Ní May 1958, Ernest Green gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti ilé-ìwé pa fún ọdún kan gbáko.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a lọ síbẹ̀, mo pe màmá mi nílé, mo ń ròyìn fún wọn. Mo ní, “Wọ́n dínà mọ́ wọn. Wọ́n bú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n mú wọn wọlé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ilé-ìwé pa.” Màmá mi ní, “Dúró ná. Ta ni wọ́n? Ṣé àwọn tó mú wọn wọlé náà ló tún ti ilé-ìwé pa ni?”

Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi gan-an, òun ni mo sì fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àyẹ̀wò yìí. Ẹ wò ó, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn lè ròyìn pé ilẹ̀kùn gba àgádágodo láìsọ ẹni tó gbé àgádágodo wá, gbólóhùn náà á sì dúró lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Yorùbá kì í sábà gbà bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹnì kan wà nídìí ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí a ò bá mọ onítọ̀hún, tàbí tí a mọ̀ ọ́n tí a ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, a ó fi “wọ́n” dí àyè rẹ̀. “Wọ́n” yìí kan náà la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, bí mo ṣe ń lò ó fún màmá mi àti àbúrò bàbá mi níbí. Òun náà la fi ń pe èrò ọjà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kékeré yìí lè bo ẹni iyì, ó lè bo ọ̀daràn, ó sì lè bo ẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè tí mo wá bi ibùdó Little Rock ni pé: ṣé ó jẹ́ ká mọ ẹni tó ń jẹ́ wọ́n?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lára ilé fúnra rẹ̀. Ilé ńlá ni. Ó gùn, ó sì ga débi pé ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ á mọ̀ pé òun kéré. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là ni wọ́n fi kọ́ ọ ní 1927, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé Amẹ́ríkà sì ní kò sí ilé-ìwé girama tó lẹ́wà tó o lórílẹ̀-èdè náà. Lókè ẹnu ọ̀nà iwájú, ère obìnrin mẹ́rin dúró. Orúkọ wọn, bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀, ni Ìlépa, Ìwà-Ẹni, Àǹfààní àti Ìmúrasílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọnà èdè tí à ń kọ́ ní kíláàsì ni wọ́n gbẹ́ sára ilé! Ohun tí kò lẹ́mìí di èèyàn. Ṣùgbọ́n ní September 4, 1957, Àǹfààní dúró sókè níbẹ̀, ọmọ tó ti múra sílẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ tí ìbọn dí lọ́nà. Kò sí akéwì tó lè kọ ọ̀rọ̀ àbùkù tó ju èyí tí ilé náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ní 1929, ìlú kan náà ṣí ilé-ìwé Dunbar fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀kẹ́ ogún dọ́là, ìyẹn 400,000, ni wọ́n ná lé e, kò tó ìdá mẹ́ta owó tí wọ́n ná lórí Central. Orúkọ akéwì, Paul Laurence Dunbar, ni wọ́n fi sọ ọ́. Èyí dùn mí gẹ́gẹ́ bí akéwì. Wọ́n fi orúkọ akéwì dá àwọn ọmọ náà lọ́lá, wọ́n wá dín owó wọn kù. Ẹni tó bá lọ wo Central tí kò gbé iye méjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹwà ilé nìkan ló rí.

Ilé-ìwé náà ṣì ń ṣiṣẹ́ o. Àwọn ọmọ ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń sáré bọ́ọ̀sì. Àlejò ò lè kàn já wọ ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ ibùdó ló ń mú wọn wọlé. Mo fara mọ́ ètò yìí. Ó ń jẹ́ kí àlejò mọ̀ pé ìtàn náà kò sí nínú gíláàsì, pé iṣẹ́ tí àwọn mẹ́sàn-án wá ṣe níbẹ̀, ìyẹn ìwé kíkà, ni wọ́n ṣì ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo bọ́ sọ́dọ̀ fọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀. Will Counts ló yà á ní September 4 yẹn. Eckford wà níwájú, ó wọ gíláàsì dúdú, ó gbá ìwé mọ́ra, kò wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun kan ti la ẹnu, ojú rẹ̀ le koko. Hazel Bryan ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 15 ni òun náà. Fọ́tò yìí lágbára bí ewì tó dára ṣe ń lágbára: ìṣẹ́jú kan péré ló mú, ó sì ń sọ̀rọ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti lágbára náà ló ti kù díẹ̀ káàtó. Ó fún “wọ́n” ní ojú kan, ojú ọmọ ọdún 15. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ní “àwọn tó kórìíra ọmọ dúdú ní Little Rock”, ẹnu Hazel ló ń wá síni lọ́kàn.

Faubus ńkọ́? Kò sí nínú fọ́tò. Kò pariwo lójú títì. Ọ́fíìsì ló jókòó sí tó fi buwọ́ lùwé. Àwọn ìyá tó dá ẹgbẹ́ Mothers' League of Central High sílẹ̀ ní August 1957 láti ta ko wíwọlé àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ta ló rántí ojú ìkankan nínú wọn? Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Faubus wọlé ìbò gómìnà, kò kúrò níbẹ̀ títí di January 1967. Hazel, ní tirẹ̀, pe Eckford lórí fóònù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó lanu ló gba gbogbo ẹ̀bi. Ẹni tó mú kálàmù gba ìbò. Kì í ṣe pé mo ń gbèjà Hazel. Ohun tó ṣe burú, àtẹ̀ kò sì ṣeé pa rẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwòrán kan lè jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé, síbẹ̀ kó ràn wá lọ́wọ́ láti gbàgbé àwọn tí kò sí nínú rẹ̀. Níbi tí gbọ̀ngàn àlejò tí wọ́n ṣí ní 2007 ti ṣe dáadáa lójú tèmi nìyí: kò dá fọ́tò dúró lásán. Ó sọ ìtàn ẹjọ́, ó sọ ti gómìnà, ó sọ ti ààrẹ, ó to ọjọ́ tẹ̀ léra wọn. Ó fi orúkọ rọ́pò “wọ́n”.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá àwọn èèyàn jà díẹ̀ ni ti ìlàjà. Ní 1997, tó pé ogójì ọdún, Will Counts tún ya Elizabeth àti Hazel papọ̀ níwájú ilé-ìwé, wọ́n sì fi fọ́tò náà ṣe pósítà tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní “Reconciliation”, ìyẹn ìlàjà. Pósítà náà tà. Ta ni kò fẹ́ràn ìtàn tó parí sí ẹ̀rín? Àmọ́ ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì kò tọ́jọ́. Eckford wá ní kí wọ́n lẹ gbólóhùn kan mọ́ pósítà náà, tó túmọ̀ sí pé ìlàjà tòótọ́ ò lè wáyé àfi tí a bá jẹ́wọ́ ohun ìrora tó ti kọjá, èyí tó jẹ́ ti gbogbo wa.

Lójú mi, gbólóhùn kékeré yẹn ni lámèyítọ́ tó dára jù tí mo tíì rí. Ẹni tó wà nínú àwòrán ló ṣe lámèyítọ́ àwòrán ara rẹ̀! Kò ní kí wọ́n ya pósítà náà. Ó kàn ní ìparí rẹ̀ yá jù. Àlọ́ ló máa ń parí lọ́nà yẹn, tí ìjàpá á jìyà tán, tí a ó ní ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Ìtàn kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ère. Ní 2005, wọ́n gbé ère idẹ àwọn mẹ́sàn-án kalẹ̀ sí àgbàlá ilé ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Testament ni wọ́n pè é, John Deering ló ṣe é. Ohun méjì ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Èkíní, ojúkojú ni òun àti ọ́fíìsì gómìnà. Ibi tí wọ́n gbé e sí yẹn dùn mọ́ mi ju ère fúnra rẹ̀ lọ, torí pé gómìnà tó bá yọjú lójú fèrèsé ò ní lè ṣe bí ẹni pé òun ò rí wọn. Èkejì, ère náà kó gbogbo wọn pọ̀, wọ́n jọ ń rìn. Ó dára, ó wúni lórí. Ṣùgbọ́n ní September 4, Elizabeth ò rí ẹnì kankan bá rìn. Ère ti fún un ní ẹgbẹ́ tí ọjọ́ náà kò fún un, ẹni tó bá sì wo ère nìkan á rò pé ìgboyà máa ń ní èrò lẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo ohun tí mo rí, bẹ́ǹṣì ni mo fún ní máàkì tó ga jù. Ní September 2018, wọ́n ṣí bẹ́ǹṣì kan sí ibùdókọ̀ tí Elizabeth ti jókòó, wọ́n ṣe é kó jọ ti àtijọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Central High wà lára àwọn tó ṣe é. Kò sí ère lórí rẹ̀. Ó ṣófo. Benjamin Fine, akọ̀ròyìn New York Times, jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Grace Lorch, obìnrin aláwọ̀ funfun, bá a wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni méjì nínú gbogbo èrò yẹn! Bí o bá dé ibẹ̀, ìwọ lo máa pinnu bóyá wàá jókòó tàbí wàá dúró máa wò. Mo jókòó. Àbúrò bàbá mi ò jókòó. Wọ́n dúró lẹ́bàá títì, wọn ò sọ̀rọ̀, nígbà tó yá wọ́n ní, “Dìde, jẹ́ ká máa lọ.” Bẹ́ǹṣì yìí ò sọ ìparí fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ yìí, tí mo kọ́kọ́ fi àpilẹ̀kọ yìí hàn, ní mo le jù. Ó ní ibi ìrántí gbọ́dọ̀ fúnni ní ìrètí. Ṣé kí ọmọdé wá láti ọ̀nà jíjìn kó wá gbọ́ kìkì ìbànújẹ́ ni? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní láárí. Ìdáhùn mi ni pé ká wo ọdún tó tẹ̀ lé ti Ernest Green. Ní September 1958, Faubus ti gbogbo ilé-ìwé girama ìjọba ní Little Rock pa kí ọmọ dúdú má bàa wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ 3,665 ni kò ní ilé-ìwé lọ, dúdú àti funfun. Ní September 27, wọ́n dìbò: 7,561 ní kí wọ́n ṣí ilé-ìwé fún gbogbo ọmọ, 19,470 ní rárá. Màámi, ẹ gbọ́ o! Àwọn “wọ́n” tí ẹ bi mí nìyẹn. Wọn kì í ṣe ọmọbìnrin kan tó lanu. Wọ́n jẹ́ 19,470, wọ́n tò sórí ìlà wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n dìbò, wọ́n relé lọ jẹun. Kò sí fọ́tò tó lè gbà wọ́n.

Ibẹ̀ náà ni ìrètí wà tí ọ̀rẹ́ mi ń wá. Ní oṣù yẹn kan náà, àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun kan kó ara wọn jọ sábẹ́ orúkọ Women's Emergency Committee láti jà kí ilé-ìwé ṣí. Ìbẹ̀rù pọ̀ débi pé wọ́n fi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ pamọ́. Nígbà tó di 1998 ni wọ́n tó kọ orúkọ wọn sára gíláàsì fèrèsé ilé Adolphine Terry, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ogójì ọdún ni “wọ́n” yìí fi dúró kó tó di orúkọ. Àwọn ilé-ìwé ṣí padà ní August 1959. Ìrètí wà, ṣùgbọ́n kìkì ẹni tó bá ka iye ìbò yẹn ló máa mọ iye tó ná wọn.

Ìtàn náà ò sì tíì parí. Ní August 2023, nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Arkansas ní àwọn ò ní ka ẹ̀kọ́ AP African American Studies mọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń jáde ìwé. Central High wà lára àwọn ilé-ìwé tó ní àwọn á ṣì kọ́ ọ. Inú ilé kan náà, abẹ́ ère Àǹfààní kan náà.

Kí ló kan àwa níbí? Ó kàn wá gan-an. Ẹ lọ ṣí àwọn ẹ̀dà wa tó ti kọjá. Ewì mélòó ló wà níbẹ̀ tó ní “wọ́n jẹ wá run”, “wọ́n ba ayé jẹ́”, “wọ́n fìyà jẹ tálákà”, tí kò sí orúkọ kan, ọjọ́ kan tàbí iye kan nínú rẹ̀? Tó bá wá kù díẹ̀ kó parí, a ó ní ọ̀la á dára, oòrùn á ràn, ká dìde. A ti ṣe pósítà “Reconciliation” tán láì tíì ya fọ́tò àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ oríkì tí àwọn ìyá wa ń ké kì í bẹ̀rù orúkọ. Ó ń ki baba ẹni, ó ń sọ ogun tó jà, ó ń sọ gbèsè tó jẹ, ó ń sọ àpá tó wà lójú rẹ̀, síbẹ̀ orí olóríkì á wú. Iyì kì í ṣe kí wọ́n fi àléébù pa mọ́. Ibi tí Little Rock ti dà bí oríkì ló ti dára. Ibi tó ti dà bí ìwúre ló ti rọ̀ jù.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, a máa ka ewì ara wa níbi ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó mú ewì tirẹ̀ dání. Bí “wọ́n” bá wà nínú ìlà àkọ́kọ́, ẹ ti mọ ìbéèrè tí mo máa béèrè.